Bẹ́ẹ̀dì Alága

Ọkọ mi, Òkìkí, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí bí ẹ bá gbọ́ ìyókù tán, ẹ lè má gbà mí gbọ́ mọ́. Ó ń bọ́ ilé rẹ̀, kì í gbé ọwọ́ sókè sí obìnrin, bí a bá sì jọ ń jẹun, orí ẹja ni ó máa ń fi sílẹ̀ fún mi. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ó bá ti ṣe ohun rere, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ títí gbogbo ìlú wa, Abereke, yóò fi mọ̀ pé òun ló ṣe é.

Promise, ọmọ wa obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́, ló ra bẹ́ẹ̀dì náà ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ ni, aláwọ̀ búlúù, èyí tí a ń fi pọ́ǹpù ẹlẹ́sẹ̀ fẹ́. Nígbà tí ó dé, inú àpótí kékeré ló wà, mo sì rò pé ọmọ mi ra bàtà fún bàbá rẹ̀ ni. Òkìkí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ pọ́ǹpù, ó ń làágùn, bẹ́ẹ̀dì ń wú, títí ó fi gba gbogbo yàrá tí èmi alára sì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò wá ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wa kú oríire.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni Òkìkí gbé agolo ọ̀dà pupa tó fi ń kun ọkọ̀ rẹ̀ wọlé, ó sì kun àmì bàbá rẹ̀ sí àárín bẹ́ẹ̀dì náà gàdàgbà: ìwọ̀ kan, ìlà méjì lábẹ́ rẹ̀.

Mo bi í pé, “Bàbá Promise, ṣé bẹ́ẹ̀dì ń lọ sẹ́ja ni?”

Ó ní, “Ìyá Promise, òkun ni a dojú kọ. Ẹni tó dojú kọ òkun kì í ní ẹrù tí kò ní àmì.”

N kò lè bá a jiyàn. Lórí omi ni àwọn ilé wa dúró sí, lórí ẹsẹ̀ igi, bí ohun kan bá sì jábọ́ láàárín pákó, a kì í sọ pé ó sọnù, a máa ń sọ pé ó rìnrìn àjò. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ilé kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, tí a ń kùn sára ọkọ̀, àjẹ̀, àwọ̀n, agbada ìdáná, gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ohun tí kò ní àmì, omi ló ni ín. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ní àmì, ẹni tó rí i lójú omi gbọ́dọ̀ gbé e padà lójú mọmọ, yóò sì pè pé, “Onúlí, ẹrù dé o,” bí a ṣe ń pe onílé lọ́dọ̀ wa. Onílé yóò jáde, yóò fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, yóò dúpẹ́, yóò sì fún un ní ohun tó bá béèrè láti fi panu. Onílé lè sọ pé kì í ṣe tòun. Ẹni tó rí i yóò mú un lọ. Àmọ́ ẹni tó bá sẹ́ àmì rẹ̀ lára ohun kan ti sẹ́ ẹ lára gbogbo ohun tó ní, ọkọ̀ rẹ̀ tí a so mọ́ èbúté náà di ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ tú u. N kò tíì rí ẹni tó dán an wò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Bẹ́ẹ̀dì náà dùn ún sùn, n kò ní purọ́. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í mí. A ó fẹ́ ẹ kó le koko ní àṣálẹ́, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, èmi àti ọkọ mi ti yí kiri, a ti jọ bọ́ sí àárín bí ẹja méjì nínú àwọ̀n, ìgúnpá rẹ̀ wà ní ìhà mi. Ó fi sólúṣọ̀n àwọn tó ń lẹ táyà lẹ̀ ẹ́. Ibi tó lẹ̀ kò jò mọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jò. Nígbà tí ojú lílẹ̀ ti pọ̀ ju ojú tí kò lẹ̀ lọ, a ká a sí igun yàrá, a padà sórí ẹní wa, ẹ̀yìn Òkìkí sì padà sí ìrora rẹ̀.

Mo ní, “Fún mi, kí n máa fi bo ẹja mi bí òjò bá ń bọ̀. Rọ́bà rẹ̀ nípọn, omi kò lè wọlé.”

Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó fi fìlà rẹ̀ nu ilẹ̀. Ó ní, “Kí àlejò dé kó bá bẹ́ẹ̀dì Alága tó ti ya lórí ẹja? Ohun tó bá ti gbó, ọ̀nà tó tọ́ ni a ń gbà sọ ọ́ nù.”

Ohùn rédíò ló fi sọ ọ́. Ó ti di Alága nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ alága yìí ni mo ní láti ṣàlàyé. Ìdọ̀tí ti dà wá láàmú lójú omi wa. Ọ̀rá píọ́wọ́tà ń wé mọ́ ẹ́ńjìnì àwọn ọkùnrin láàárín òkun, àwọ̀n ń gòkè pẹ̀lú ike tó pọ̀ ju ẹja lọ. A ṣèpàdé ní èbúté, a ní kí á yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bójú tó ìmọ́tótó omi, wọ́n sì fi Òkìkí ṣe alága nítorí pé ohùn rẹ̀ ló ròkè jù. Òun ló gbé òfin kalẹ̀: ike, ọ̀rá tàbí rọ́bà tí a bá rí lójú omi pẹ̀lú àmì ilé kan lára, ilé náà yóò kúrò ní èbúté, yóò máa gúnlẹ̀ ní ìhà ẹrẹ̀ títí àkókò ẹja yóò fi yí padà.

Ẹni tí kì í bá ṣe obìnrin tó ń ta ẹja lè rò pé ìyà kékeré nìyẹn. Ní èbúté, pákó wà nílẹ̀. Ọkọ̀ yóò fara kan pákó, a ó gba ẹja ṣàwá wa tútù, àwọn oníbàárà tó wá láti Mahintedo àti Òde Mahin ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ ẹ́ńjìnì wọn. Ní ìhà ẹrẹ̀, láti ọkọ̀ dé ilẹ̀ líle, ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó mù ni dé itan. Kí obìnrin tó ru agbada ẹja la ibẹ̀ kọjá, àwọn oníbàárà ti rà tán lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì. Ẹja kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Rhoda ni òfin náà kọ́kọ́ mú. Opó ni, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń gúnlẹ̀ ní èbúté. Ìjì kan jà, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Báyọ̀ tó jẹ́ igbákejì Alága sì rí i lójú omi pẹ̀lú àmì ọkọ Rhoda tó ti kú lára rẹ̀. Wọ́n pe ìpàdé.

Rhoda ní, “Alága, ìjì ló gbé e. Èmi kọ́ ni mo jù ú.”

Òkìkí dìde. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Òfin kì í béèrè ẹni tó jù ú. Àmì ni òfin ń wò.”

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu, ó sì rọrùn láti há sórí, nítorí náà láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn gbogbo èbúté ti ń sọ ọ́, Báyọ̀ ló sì ń sọ ọ́ jù. Rhoda kó agbada rẹ̀, ó lọ sí ìhà ẹrẹ̀. Kò sunkún, kò ṣépè. Inú bí mi. Mo gbé oúnjẹ síwájú ọkọ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

Ó ní, “Ìyá Promise, òfin ni.”

Mo ní, “Bí ó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?”

Ó ní, “Bí ó bá jẹ́ èmi pàápàá.”

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí òun gan-an kò rántí rẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì wá di ìṣòro fún Alága. Kò lè jù ú sómi. Kò lè sun ún, nítorí pé èéfín rọ́bà yóò wọ inú ẹja tí a ń yan, àwọn obìnrin yóò sì yan òun náà mọ́ ọn. Bí ó bá sì ní kí òun rì í mọ́lẹ̀, ilẹ̀ wo? Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wa díẹ̀, omi ni ẹ ó bá. Ó dán an wò lọ́jọ́ kan lẹ́yìn ilé ìjọsìn, níbi tí iyanrìn ga díẹ̀. Ìgbà tí omi òkun kún, bẹ́ẹ̀dì gbé orí sókè láàárín ìsìn, ó ń wo ìjọ. Òkìkí lọ gbé e kí àlùfáà tó ṣe àmín tán. Ó sọ fún àwọn èèyàn pé òun ń wá ọ̀nà tó tọ́ ni.

Ọ̀nà tó tọ́ dé wẹ́rẹ́. A gbọ́ pé àwọn kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Àtúnlò Etí Omi ń bọ̀ ní Mahintedo, wọ́n ń fi ọkọ̀ ńlá gba ike àti rọ́bà tó ti gbó, wọn yóò sì lọ fi wọ́n ṣe àga. Òkìkí fò fún ayọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ lọ síbi ìsìn, ó dé fìlà. Ó fọ bẹ́ẹ̀dì náà pẹ̀lú ọṣẹ. Èmi ò fọ aṣọ ìgbéyàwó mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo ní, “Bàbá Promise, gé ibi tí àmì wà kúrò ná.”

Ó ní, “Gé àmì bàbá mi? Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ ẹni tó mú un wá?”

“Ẹni tó ń sọ nǹkan nù, kí ló fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n fún?”

Ó ká bẹ́ẹ̀dì náà dáadáa, ó sì rí i pé àmì bọ́ sí ìta. Mo tẹ̀lé e nítorí pé mo ní ẹja yíyan tí mo fẹ́ tà ní Mahintedo.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Balqees ló ń gba ẹrù níbẹ̀. Ó wọ híjáàbù, ó wọ bàtà rọ́bà, ojú rẹ̀ fi hàn pé ará òkè ni, ó ń wo omi bí ẹni tí a sọ fún pé omi máa ń bu ni jẹ. Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Ó ní kí Òkìkí gbé bẹ́ẹ̀dì náà sókè kí òun ya fọ́tò. Òkìkí gbé e sókè, ó na apá, àmì pupa hàn gbangba níwájú àyà rẹ̀.

Balqees ní, “Bàbá, kí ni wọ́n yà síbí yìí?”

Òkìkí ṣàlàyé fún un láti orí bàbá rẹ̀ títí dé orí bàbá bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ní ó dára gan-an, ó ní ó yẹ kí gbogbo ìlú ní irú ẹ̀. Ó tún ya fọ́tò mìíràn.

Èmi ń wo ọkọ̀ tí wọ́n ń kó ẹrù sí. Ike ti ga ju orí ẹni lọ nínú rẹ̀, okùn tín-ín-rín ló dì í. Lójú ọ̀run lọ́hùn-ún, òjò ti ń dúdú.

Mo ní, “Ọmọ mi, ẹrù yìí ga o. Ibo ni ẹ ń gbé e lọ?”

Ó ní, “Màmá, a máa gbé e dé ibi tí mọ́tò máa ti gbà á. Ó kù sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ nígbà yẹn.”

Mo kọ ojú sí awakọ̀ wọn, mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ní, “Ìyá, ó máa dé.” Òkìkí fà mí lápá, ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ ẹja ba iṣẹ́ rere jẹ́. A wọ ọkọ̀ wa, a padà sílé, òjò ká wa mọ́ ọ̀nà. Ọkọ mi rin gbingbin nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó sì ń kọrin.

Balqees fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sórí fóònù ọkọ mi. Kò sí ẹni tí kò rí i. Òkìkí fi han àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe, ó fi han àlùfáà, ó fi han àwọn oníbàárà láti Òde Mahin tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Promise pè láti Àkúrẹ́, ó ní, “Bàbá mi, mo kí yín o,” ó sì rẹ́rìn-ín. Òkìkí ní ọmọ òun ń fi òun yangàn ni.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni Rhoda wá.

Èbúté kún. Àwọn ọkọ̀ ti dé, àwọn oníbàárà wà níbẹ̀, Òkìkí sì dúró láàárín wọn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń sọ bí Balqees ṣe ní ó yẹ kí gbogbo ìlú ní irú ẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo rí Rhoda tó ń wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Nǹkan búlúù kan bo gbogbo iwájú ọkọ̀ náà. Kò fara kan pákó, nítorí pé wọ́n ti ní kó má gúnlẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Ó fi àjẹ̀ dá ọkọ̀ dúró lójú omi, ó dìde, ó sì pè.

“Onúlí, ẹrù dé o. Ìwọ̀ kan, ìlà méjì.”

Gbogbo èèyàn yíjú sí ọkọ mi. Kò sí ẹni tí kò mọ ilé tó ni ìwọ̀ kan, ìlà méjì.

Ó tún ní, “Alága, ẹ kú ọ̀sán, sà. Inú gbòǹgbò igi ẹ̀gbà létí omi ni mo ti rí i, ó wé mọ́ àwọ̀n mi. Mo ní ẹrù Alága kọ́ ni yóò sọnù lójú mi.”

Mo wo ojú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín ni, inú ikùn rẹ̀ ló ti ń rín in. Ní ti bí bẹ́ẹ̀dì ṣe kúrò nínú ọkọ̀ ńlá náà, mi ò sí níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ìjì ló gbé e, ó lè jẹ́ awakọ̀ ló dín ẹrù rẹ̀ kù nígbà tí omi ń ru. Omi tó ń ti Mahintedo ṣàn bọ̀ ní àkókò òjò, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbà. Ìyẹn nìkan ló dá mi lójú.

Òkìkí gbé fóònù sókè. Ó ní, “Mo ti gbé e fún àwọn tó ń tún un lò. Gbogbo yín lẹ rí fọ́tò.”

Rhoda ní, “A rí i, sà. Fọ́tò náà dáa. Àmì yín hàn níbẹ̀ dáadáa.”

Báyọ̀ sún mọ́ ọkọ mi. Ó rò pé òun ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n Báyọ̀ kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní, “Alága, ẹ ṣáà ní kì í ṣe tiyín. Ìwọ̀ pọ̀ láyé.”

Ọkọ̀ Òkìkí ló so mọ́ òpó nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, àmì náà pupa lára rẹ̀, ọ̀dà kan náà. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe tòun, ọkọ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, àwọ̀n inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di àjèjì. Bí ó bá sì ní tòun ni, àyè mi ní èbúté ti lọ, èmi tí mo ti ní kó fún mi kí n fi bo ẹja. Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ kó sẹ́ ẹ, mo sì mọ̀ pé bí ó bá sẹ́ ẹ, n kò ní lè wojú rẹ̀ mọ́.

Ó ní, “Kì í ṣe èmi ni mo jù ú.”

Rhoda tún fi àjẹ̀ rọra dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró. Obìnrin oníbàárà kan láti Òde Mahin, tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, ló béèrè pé, “Ta ló wá jù ú?”

Báyọ̀ ló dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi dúró rò ó. “Òfin kì í béèrè ẹni tó jù ú. Àmì ni òfin ń—”

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti pẹ́ jù.

Òkìkí fi fóònù sápò. Ó sọ̀kalẹ̀ kúrò lórí pákó, ó wọ inú omi dé orókún, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì gba bẹ́ẹ̀dì náà. Ó wúwo, omi kún inú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún sì jẹ́ kó fajú ro. Ó ní, “Tèmi ni. Rhoda, o ṣeun.” Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo sì tún fẹ́ fi àjẹ̀ gbá a lórí.

Bí àṣà ṣe rí, ó bi í pé, “Kí ni kí á fún ọ?”

Mo rò pé yóò ní kí wọ́n dá àyè òun padà. Gbogbo èbúté ló rò bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì béèrè rẹ̀, kò sí bí Òkìkí ṣe fẹ́ sọ pé rárá.

Rhoda ní, “Mínírà tó tutù, sà. Ọ̀nà ẹrẹ̀ jìn, òùngbẹ ń gbẹ mí.”

Èmi ni mo gbé e fún un. Ó mu ún lórí ìdúró nínú ọkọ̀ rẹ̀, kò fi ẹsẹ̀ kan pákó wa. Nígbà tó mu ún tán, ó na ike rẹ̀ sí mi. Ó ní, “Iye Promise, ìyá mi, ẹ gbà á, kó má lọ bọ́ sómi.” Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó agbada mi lọ sí ìhà ẹrẹ̀.

N kò mọ̀ pé ẹrẹ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀. Mo ti ń gbọ́ ọ, mo ti ń káàánú Rhoda, ṣùgbọ́n àánú kì í wọ bàtà. Ẹsẹ̀ mi wọlé, kò fẹ́ jáde. Agbada wà lórí mi, ṣàwá ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀, àwọn oníbàárà ti ń tan ẹ́ńjìnì lọ́hùn-ún. Rhoda padà wá, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi ibi tí mo lè tẹ̀ hàn mí, ibi tí gbòǹgbò wà lábẹ́. Kò sọ pé “ẹ rí nǹkan.” Ì bá sàn kó sọ ọ́.

Mo délé, mo wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wà ní igun tó wà látijọ́. Òkìkí jókòó tì í, ó ń wo ilẹ̀.

Mo mú ọ̀bẹ tí a fi ń la ẹja. Ó ní, “Kí lo fẹ́ ṣe?”

Mo ní, “Mo fẹ́ sọ ọ́ nù lọ́nà tó tọ́.”

Kò bá mi jà. Mo la ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà, mo ṣí i, ó di rọ́bà gígùn tó nípọn. Mo gbé e lọ sí ìhà ẹrẹ̀, èmi àti Rhoda tẹ́ ẹ láti ibi tí ọkọ̀ ń dé títí dé ilẹ̀ líle, a gbẹ́ igi ẹ̀gbà ní ṣóńṣó, a fi kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì kí omi má baà gbé e. A tẹ̀ ẹ́ wò. Ó rì díẹ̀, ó sì gbé wa. Rhoda rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní ẹrẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín síta wàyí, ó rín in dáadáa. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìyà ni mò ń jẹ.

Ìgbìmọ̀ wá wò ó. Báyọ̀ yí i ká. Ó ní orí ẹrẹ̀ ló wà, kò sí lójú omi, òfin kò ní ohun tó fẹ́ sọ sí i. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn oníbàárà kan ti ń kọjá èbúté wá sọ́dọ̀ wa, nítorí pé ibẹ̀ kò há bí èbúté, bàtà wọn kò sì ń dọ̀tí.

Kí n tó gbàgbé, ojú ibi tí àmì wà ló bọ́ sókè nígbà tí a tẹ́ ẹ. Àárín ọ̀nà gan-an ló wà, ìwọ̀ kan, ìlà méjì, pupa. Rhoda ní òun kò mọ bó ṣe rí bẹ́ẹ̀. Èmi náà ní n kò mọ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè gba ibẹ̀ kọjá kó má tẹ̀ ẹ́.

Òkìkí kì í ṣe èèyàn burúkú, mo ti sọ. Ó wá láti bá mi gbé agbada. Ó rìn lórí rọ́bà náà títí ó fi dé ìdí àmì bàbá rẹ̀, ó sì dúró. Ó wò ó. Ó kó aṣọ rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ dé itan, ó la ibẹ̀ yí àmì náà ká, ó sì tún gòkè sórí rọ́bà níwájú.

Rhoda ní, “Alága, ẹ gba orí rẹ̀, sà. Kò ní ya.”

Ó ní, “Mo rí i.”

Nírọ̀lẹ́, mo bu omi gbígbóná fún un kó fi fọ ẹsẹ̀. Mo ní bí ó bá fẹ́, a lè yí rọ́bà náà dà, kí àmì kọjú sí ilẹ̀. Ó ní rárá, nítorí bí omi bá wá gbé e lọ́jọ́ kan, tí àwọn èèyàn kò sì tètè rí àmì, wọn kò ní mọ ilé tí wọn yóò dá a padà sí.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà níbẹ̀ títí di òní. Èmi ń gba orí rẹ̀, Rhoda ń gba orí rẹ̀, àwọn oníbàárà láti Òde Mahin ń gba orí rẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo wa sì ń dé ilẹ̀ ní gbígbẹ. Alága nìkan ló ń gba inú ẹrẹ̀.